Ṣé igbákejì ti tó gba fèrè?

Lónìí a kò ní sọ̀rọ̀ iṣu, a kò ní sọ̀rọ̀ òwú. Ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù ni a mú wá. Kí àwọn bàbá wa má ṣe sọ pé ọ̀rọ̀ ọmọdé ni, nítorí ẹjọ́ wà nínú rẹ̀, àwọn àgbà ni wọn yóò sì dá a.

Ìbéèrè kan ti Doguè wá. Ẹni tí ń kọ́ àwọn agbábọ́ọ̀lù abúlé fẹ́ kó lọ sí ibòmíràn lẹ́yìn ìkórè. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan ti wà lẹ́yìn rẹ̀ fún ọdún 3. Òun ni ó ń gbé bọ́ọ̀lù wá sí pápá, òun ni ó ń fún un ní afẹ́fẹ́, òun náà ni ó ń bá àwọn ọmọ sáré yípo nígbà tí ó bá rẹ ọ̀gá. Ẹni ọdún 24 ni. Àwọn kan ní kí wọ́n fa ẹgbẹ́ lé e lọ́wọ́. Àwọn mìíràn ní ọmọ àná ni, àti pé àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tí wọ́n jọ ń jẹun nínú àwo kan náà kò ní gbọ́ràn sí i lẹ́nu. Wọ́n ní kí a bá wọn dá sí i.

Kí a tó dá sí i, ẹ jẹ́ kí a lọ sí Abidjan ná. Ọ̀pọ̀ nínú yín ní ará níbẹ̀. Irú ẹjọ́ yìí ti ṣẹlẹ̀ níbẹ̀ ní gbangba, gbogbo Áfíríkà sì rí i.

Ní oṣù kìíní ọdún 2024, Côte d'Ivoire ni ó gba àlejò ìdíje ife ẹ̀yẹ ilẹ̀ Áfíríkà. Olùkọ́ àgbà wọn ni Jean-Louis Gasset, ará Faransé, ẹni ọdún 70. Igbákejì rẹ̀ ni Emerse Faé. Eré àkọ́kọ́, wọ́n na Guinée-Bissau ní góòlù 2 sí òdo. Eré kejì, Nàìjíríà na wọ́n ní 1 sí òdo. Nígbà tí ó di ọjọ́ 22 oṣù náà, Guinée Équatoriale, orílẹ̀-èdè tí kò tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ tiwọn, na wọ́n ní góòlù 4 sí òdo nínú ilé ara wọn. Àwọn kan sunkún, inú bí àwọn mìíràn. Lẹ́yìn ọjọ́ 2, Gasset kò sí lẹ́nu iṣẹ́ mọ́.

Ta ni yóò wá gba iṣẹ́ náà? Ẹ kíyè sí i pé àwọn alákòóso kò kọ́kọ́ wo igbákejì. Wọ́n ránṣẹ́ sí ilẹ̀ Faransé pé kí wọ́n yá wọn ní Hervé Renard, ẹni tí ó ti bá wọn gba ife náà ní ọdún 2015. Àwọn obìnrin agbábọ́ọ̀lù Faransé ni Renard ń kọ́ ní àkókò yẹn. Àwọn Faransé kọ̀, wọn kò yá wọn. Ìgbà náà ni iṣẹ́ já lé Faé lọ́wọ́. Ọjọ́ 24 oṣù kìíní yẹn gan-an ni ó pé ẹni ọdún 40. Kò tíì jẹ́ olùkọ́ àgbà ẹgbẹ́ ńlá kankan rí.

Ẹni tí wọ́n bá pè lọ́nà bẹ́ẹ̀ lè sọ pé, "Ẹ kò fẹ́ mi, ẹ lọ wá ẹlòmíràn." Faé gba iṣẹ́.

Eré rẹ̀ àkọ́kọ́ jẹ́ pẹ̀lú Sẹ̀nẹ̀gà ní Yamoussoukro, ní ọjọ́ 29 oṣù kìíní. Sẹ̀nẹ̀gà ni ife náà wà lọ́wọ́ wọn nígbà náà. Ẹ gbọ́ ohun tí ọmọ àná yìí ṣe. Ó mú Franck Kessié, ọ̀kan nínú àwọn tí ẹnu wọn tólẹ̀ nínú ẹgbẹ́, ó ní kí ó jókòó sí ẹ̀gbẹ́ pápá kí eré tó bẹ̀rẹ̀. Ìṣẹ́jú kẹrin, Sẹ̀nẹ̀gà ti gbá góòlù wọlé. Ẹ fojú inú wo ohun tí àwọn ènìyàn yóò máa wí! Ṣùgbọ́n nígbà tí ó yá, Faé sọ fún Kessié pé kí ó wọlé. Ní ìṣẹ́jú 86, Kessié gbá pẹ́nárítì wọlé, ó di ọ̀mì. Nígbà tí wọ́n tún wá fi pẹ́nárítì parí ìjà, Kessié yìí náà ni ó gbá èyí tí ó kẹ́yìn, wọ́n borí pẹ̀lú 5 sí 4.

Lẹ́yìn náà ni Màlì, ní Bouaké. Kí ìdajì eré tó pé, káàdì pupa ti lé ọ̀kan nínú àwọn ọmọ Faé jáde, wọ́n ku 10. Màlì tún kọ́kọ́ gbá góòlù. Simon Adingra, tí ó wọlé láti ẹ̀gbẹ́ pápá, dá a padà ní ìṣẹ́jú 90. Oumar Diakité, òun náà láti ẹ̀gbẹ́ pápá, gbá ti ìṣẹ́gun nígbà tí àfikún àkókò fẹ́ parí. Wọ́n na Kóńgò Kinshasa ní 1 sí òdo. Ní ọjọ́ 11 oṣù kejì, wọ́n na Nàìjíríà ní 2 sí 1, wọ́n gba ife. Kessié àti Sébastien Haller ni wọ́n gbá góòlù méjèèjì. Ẹ̀yin tí ẹ ní ìyekan ní òdìkejì ààlà, ẹ má bínú sí wa, ìtàn ni a ń sọ.

Àwọn kan yóò ní orí rẹ̀ ni ó gbè é. Òótọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀. Lẹ́yìn góòlù 4 tí wọ́n jẹ, bí kì í bá ṣe pé Mòrókò na Zambia, Côte d'Ivoire ì bá ti kúrò nínú ìdíje, Faé ì bá má rí eré kan darí. Nítorí náà a kò gbọdọ̀ sọ pé nítorí pé ó gba ife ni ó fi tó iṣẹ́ náà ṣe. Ènìyàn tí kò tó iṣẹ́ lè gba ife kan. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí ó tẹ̀lé e. Nínú eré 10 tí Côte d'Ivoire gbá kí wọ́n tó yege fún ife ẹ̀yẹ àgbáyé ti ọdún 2026, kò sí ẹni tí ó gbá góòlù kan ṣoṣo wọlé wọn. Faé ni ó darí 8 nínú rẹ̀. Orí ire kì í pẹ́ tó bẹ́ẹ̀.

Ibo ni ó ti kọ́ ọ? Èyí ni ibi tí ọ̀pọ̀ kò wò. Faé gba bọ́ọ̀lù ní Nantes, ní Reading ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àti ní Nice. Àìsàn inú iṣan ẹ̀jẹ̀ ni ó mú un fi bọ́ọ̀lù gbígbá sílẹ̀ ní ọdún 2012, nígbà tí ó wà ní ẹni ọdún 28. Láti ìgbà náà ni ó ti ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ ní Nice, lẹ́yìn náà ní Clermont, kí ó tó di igbákejì Gasset ní ọdún 2022. Àwọn ọdún yẹn, kò sí rédíò tí ó dárúkọ rẹ̀. Ṣùgbọ́n níwájú àwọn ọ̀dọ́ wọ̀nyẹn, òun ni ọ̀gá. Òun ni ó ń yan àwọn 11, òun ni ó ń sọ fún ẹni kejìlá pé, "Kì í ṣe ìwọ lónìí," òun ni ó sì ń dáhùn nígbà tí wọ́n bá pàdánù.

Èrò tiwa nìyí, ẹ̀yin ará Doguè. Igbákejì a máa dámọ̀ràn, ọ̀gá a máa yàn. Ọmọ tí wọn kò mú bọ́ sí pápá, ọ̀dọ̀ igbákejì ni yóò ti lọ sunkún, ṣùgbọ́n ọ̀gá ni yóò bínú sí. Ẹni tí ó ti ń gba ẹkún fún ọdún 3, tí kò tíì gba ìbínú rí, ẹ kò tíì mọ̀ bóyá ó tó. Òun fúnra rẹ̀ kò mọ̀. Ọdún 24 kọ́ ni ìṣòro, ọdún 40 kò sì ní tún un ṣe bí kò bá tíì dá nǹkan kan pinnu rí.

A lè dán an wò kí ọ̀gá tó lọ. Àwọn ọmọ kékeré wà ní abúlé tí wọ́n ń fi ọsàn gbá bọ́ọ̀lù. Ẹ kó wọn lé e lọ́wọ́ ní àsìkò ẹ̀ẹ̀rùn yìí, kí ó jẹ́ tirẹ̀, kí ọ̀gá má dá sí i. Lẹ́yìn náà, ẹ fún un ní eré 2 tàbí 3 ti ẹgbẹ́ àgbà. Kí ọ̀gá jókòó sí abẹ́ igi ní òdìkejì pápá, kí ó pa ẹnu mọ́. Ìyẹn ṣòro fún ọ̀gá ju bí ẹ ti rò lọ!

Ẹ̀yin tí ẹ ti mọ̀ọ́kọ, ibí yìí ni ìwé yín ti wúlò. Kí ọ̀dọ́mọkùnrin náà mú ìwé kékeré kan. Ní alẹ́ ọjọ́ tí ó ṣíwájú eré, kí ó kọ orúkọ àwọn 11 sílẹ̀, kí ó kọ ìdí tí ó fi mú ẹnì kọ̀ọ̀kan sí ẹ̀gbẹ́ orúkọ rẹ̀. Lẹ́yìn eré, kí ó kọ ohun tí kò lọ bí ó ti rò, àti ẹni tí ó yẹ kí ó ti pààrọ̀ àti ìgbà tí ó yẹ. Kí ó fi han ọ̀gá. Bí ó bá jẹ́ pé "ó máa ń gbá bọ́ọ̀lù dáadáa" ni ó kọ sí iwájú orúkọ gbogbo wọn, kò tíì ríran. Bí orúkọ ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí wọ́n jọ ń jẹun bá wà níbẹ̀ ní gbogbo ìgbà, yálà ó ṣe dáadáa tàbí kò ṣe dáadáa, ẹ ti rí ìdáhùn. Bí ó bá sì ti fi ọ̀rẹ́ yẹn jókòó lẹ́ẹ̀kan, tí wọ́n tún jọ jẹun lálẹ́ ọjọ́ náà, ẹ fún un ní fèrè.

Ẹ tún gbọ́ bí ó ṣe ń bá ọ̀gá sọ̀rọ̀. Ẹni tí ó ń sọ "bẹ́ẹ̀ ni" sí gbogbo nǹkan, ojú ọ̀gá ni ó fi ń wo pápá, kò ní tirẹ̀. Ẹni tí ó ń ja ọ̀gá níyàn níwájú àwọn ọmọ, ó ti gbin ohun tí àwọn ọmọ náà yóò fi san án fún un lọ́la. Èyí tí ẹ ń wá ni ẹni tí ó pa ẹnu mọ́ ní pápá, tí ó sì lọ bá ọ̀gá nílé lálẹ́ pé, "Ọ̀gá, ẹ jọ̀wọ́, mo rí i lọ́nà mìíràn."

Ó ku apá tiyín, ẹ̀yin àgbà, nítorí ọ̀pọ̀ ìgbà ni ẹni tí ó fúnni níṣẹ́ ń ba iṣẹ́ náà jẹ́. Tógò kò jìnnà sí wa, ẹ ó rántí. Stephen Keshi, ọmọ Nàìjíríà, ti ṣe igbákejì Amodu Shaibu rí ní ilé. Ọdún 2004 ni Tógò gbé iṣẹ́ fún un. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2005, ó mú Tógò dé ife ẹ̀yẹ àgbáyé fún ìgbà àkọ́kọ́. Oṣù díẹ̀ lẹ́yìn náà, Tógò pàdánù eré 3 ní ìdíje ilẹ̀ Áfíríkà ní Íjíbítì, wọ́n sì lé e. Wọ́n mú ará Jámánì kan, Otto Pfister, lọ sí ife ẹ̀yẹ náà. Eré 3 ni wọ́n gbá níbẹ̀, wọ́n pàdánù mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ní ti Keshi, ní ọdún 2013 ó gba ife Áfíríkà fún Nàìjíríà.

Nítorí náà, bí ẹ bá fa ẹgbẹ́ lé ọmọ yìí lọ́wọ́, ẹ sọ iye eré tí ẹ ó fún un kí ẹ tó dá a lẹ́jọ́, kí ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀. Kí ọ̀gá tí ń lọ fi ọwọ́ ara rẹ̀ fún un ní fèrè níwájú gbogbo agbábọ́ọ̀lù. Ẹni tí ó bá san owó mọ́tò tí ẹgbẹ́ fi lọ sí Manigri kò gbọdọ̀ tìtorí rẹ̀ yan ọmọ rẹ̀ sínú àwọn 11. Àwọn bàbá tí wọ́n máa ń dúró lẹ́bàá pápá tí wọ́n ń pariwo pé "Mú tọ̀ún kúrò, fi tibí sí i," kí wọ́n mú àga wá, kí wọ́n jókòó.

Ní ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀, a ó sọ̀rọ̀ nípa bí a ṣe ń ka ìwọ̀n lórí òṣùwọ̀n ọjà. Ó dàbọ̀ o.