Ohùn Méjì Létí Ọ̀sà: Ẹ̀kọ́ Yunifásítì fún Nọ́ọ̀sì àti Agbẹ̀bí ní Ìkòròdú àti Ẹ̀pẹ́

 Ẹ̀yin aláboyún tó wà láàárín wa, àsọ̀kalẹ̀ àǹfààní o. A ó gbóhùn ìyá, a ó gbóhùn ọmọ.

Àdúrà ìkẹyìn yẹn ni mo fẹ́ kọ́ ọ̀rọ̀ mi lé lórí. Ohùn méjì là ń tọrọ, nítorí àwọn baba wa ti rí i pé ọ̀kan lè dún kí èkejì dákẹ́. Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣírò rẹ̀ fún ọdún 2020: fún ọmọ 100,000 tí a bí láàyè ní Nàìjíríà, ìyá 1,047 ló bá a lọ. Ìbéèrè tí mo gbé wá ni pé, ta ló wà nídìí ìkúnlẹ̀ nígbà tí à ń retí ohùn méjèèjì? Kí ló mọ̀? Kí sì ni a fún un láṣẹ láti ṣe kí dókítà tó dé?

Nígbà tí mo ṣì ń kọ́ iṣẹ́ agbẹ̀bí, iṣẹ́ òru kàn mí ní ilé ìwòsàn kékeré kan létí omi. N kò ní dárúkọ rẹ̀. Obìnrin kan bímọ ní nǹkan bí aago méjì òru. Ọmọ ké, olóbi jáde, gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ni ẹ̀jẹ̀ ń wá. Kò tú bí omi ẹ̀rọ. Ó ń ro, ó ń ro, aṣọ tó wà lábẹ́ rẹ̀ sì ń fà á mu. Mo bi ọ̀gá mi bóyá kò ti pọ̀ jù. Ó gbé aṣọ náà sókè, ó wò ó, ó ní kò tíì tó nǹkan. Ọ̀gá mi kì í ṣe ọ̀lẹ, aláàánú èèyàn ni. Ojú ló fi wọ̀n ọ́n, ojú sì tàn án jẹ. Ìgbà tí ètè ìyá ọmọ funfun, tó ní òtútù ń mú òun, la tó mọ ibi tí ọ̀rọ̀ dé. A ránṣẹ́ sí dókítà. Dókítà ń bẹ ní òdìkejì ọ̀sà. Obìnrin náà yè. Ẹ̀jẹ̀ àbúrò rẹ̀ ọkùnrin ni wọ́n fà sí i lára nígbà tí ilẹ̀ mọ́. Mo tètè sọ fún yín pé ó yè nítorí mo rí ojú yín. Ṣùgbọ́n n kò lè sọ pé ìmọ̀ tiwa ló yọ ọ́.

Ní 2023, àbájáde ìwádìí kan tí wọ́n ń pè ní E-MOTIVE jáde, mo sì jókòó ti òru ọjọ́ yẹn bí mo ti ń kà á. Ilé ìwòsàn 80 ni wọ́n ti ṣe é ní Nàìjíríà, Kenya, Tanzania àti South Africa. Àwọn obìnrin tó bímọ níbẹ̀ lé ní 200,000. Irinṣẹ́ tí wọ́n lò kò díjú. Ọ̀rá kan ni, wọn a tẹ́ ẹ sábẹ́ ìdí ìyá, ó ní àpò nísàlẹ̀, wọ́n sì fa ìlà sára àpò náà kí agbẹ̀bí lè rí iye ẹ̀jẹ̀ tó ti dà. Bí ẹ̀jẹ̀ bá ti dé ojú ìlà, agbẹ̀bí kò gbọdọ̀ máa wo ojú ẹnikẹ́ni. Á fọwọ́ ra ilé ọmọ, á fún ìyá ní oxytocin àti tranexamic acid, á fa omi sí i lára, á yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ó ya tàbí ibi kù sínú, á sì ké sí àwọn tó jù ú lọ. Gbogbo rẹ̀ pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà ni. Kì í ṣe pé á gbìyànjú ọ̀kan kó tó kan èkejì. Níbi tí wọ́n ti ń fi ojú wọ̀n, nǹkan bí 51 péré nínú 100 obìnrin tí ẹ̀jẹ̀ ń ya lára wọn ni wọ́n tètè rí. Níbi tí wọ́n ti lo àpò, ó di 93. Ìsun ẹ̀jẹ̀ tó le àti wàhálà tó ń tẹ̀lé e sì fi ìdá 60 nínú 100 dín kù.

Inú mi bàjẹ́ fún ọ̀gá mi bí mo ti ń kà á. Ọ̀rá lásán ni kò ní. Ṣùgbọ́n mo tún rò ó síwájú sí i: bí wọ́n bá tiẹ̀ fún un ní ọ̀rá náà lóru yẹn, ṣé ì bá dá abẹ́rẹ́ gún kí dókítà tó sọ̀rọ̀? N kò rò bẹ́ẹ̀. Bí wọ́n ṣe kọ́ ọ ni pé kó gba àṣẹ kó tó ṣe. Ibẹ̀ ni ẹ̀kọ́ yunifásítì ti wọlé, ní tèmi. Mo fẹ́ agbẹ̀bí tó mọ ohun tí oògùn ń ṣe nínú ẹran ara, tó mọ ìdí tí ilé ọmọ fi ń kọ̀ láti sún kì, tó sì lè dúró sójú ọ̀gá àgbà kó sọ pé, "Mo wọ̀n ọ́n, ó ti kọjá, mo ti bẹ̀rẹ̀ ìtọ́jú."

Ọ̀rọ̀ ọ̀nà jíjìn ló mú kí èyí kan Ìkòròdú àti Ẹ̀pẹ́ ju Ìkẹjà lọ. Ní 1972, àwọn olùwádìí méjì, Philpott àti Castle, ṣe iṣẹ́ kan ní orílẹ̀-èdè tí à ń pè ní Zimbabwe lónìí. Wọ́n fa ìlà méjì sórí ìwé tí a fi ń tọpa ìrọbí, ọ̀kan fún ìkìlọ̀, ọ̀kan fún ìgbésẹ̀, wákàtí 4 sì wà láàárín wọn. Ẹ jẹ́ ká bi ara wa pé èéṣe tó fi jẹ́ wákàtí 4. Àwọn agbẹ̀bí tó wà ní ilé ìtọ́jú kéékèèké, níbi tó jìnnà sí ilé ìwòsàn ńlá, ni wọ́n ń rò. Bí ìrọbí bá ti ré kọjá ìlà àkọ́kọ́, àyè wà láti wá ọkọ̀, kí wọ́n gbé aboyún dé ọ̀dọ̀ oníṣẹ́ abẹ kó tó kan ìlà kejì. Ẹ gbé ìwé yẹn lọ sí Èjìnrìn tàbí Báyékù, sí ibi tí ọkọ̀ ojú omi kì í gbéra lóru, ẹ ó rí i pé ibẹ̀ gan-an ló yẹ fún. Síbẹ̀ mo ti rí ìwé ìrọbí tí wọ́n kún lẹ́yìn tí ọmọ ti ń mu ọmú. Ẹni tí a kò ṣàlàyé ìlà náà fún á kún un nítorí ọ̀gá tó ń bọ̀ wá yẹ̀ ẹ́ wò.

Àwọn tó ṣáájú wa ti rí i tipẹ́ pé ó yẹ kí nọ́ọ̀sì àti agbẹ̀bí mọ ìdí ohun tí wọ́n ń ṣe. Kòfowórọlá Àbẹ̀ní Pratt, ọmọ Èkó, ti ṣe olùkọ́ kó tó lọ kọ́ṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní ilé ìwòsàn St Thomas' ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1946. Nígbà tó padà wálé, ó di ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó jẹ́ olórí àwọn nọ́ọ̀sì ní ilé ìwòsàn yunifásítì, UCH, ní Ìbàdàn, ó sì wà lára àwọn tó jà fún un kí iṣẹ́ yìí wọ yunifásítì. Ní 1965, ẹ̀ka dígírì bẹ̀rẹ̀ ní Yunifásítì Ìbàdàn. Ifẹ̀ tẹ̀lé e ní 1973. Ọdún 1973 yìí náà ni Ìyá Pratt di kọmíṣọ́nnà ìlera fún Ìpínlẹ̀ Èkó, ìpínlẹ̀ tí Ìkòròdú àti Ẹ̀pẹ́ kò tíì ju ọdún mẹ́fà lọ nínú rẹ̀.

Lónìí, ọdún 5 ni ọmọ tó ti sẹ́kọ́ńdìrì wá ń lò fún dígírì yìí. Bó bá yege, ìwé àṣẹ mẹ́ta ló ń gbà: ti nọ́ọ̀sì, ti agbẹ̀bí, àti ti nọ́ọ̀sì ìlera àwùjọ. Ṣé ó wúlò fún aláìsàn? Olùwádìí kan, Linda Aiken, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ yẹ̀ ẹ́ wò ní orílẹ̀-èdè 9 ní Yúróòpù, àbájáde rẹ̀ jáde ní 2014. Níbi tí àwọn nọ́ọ̀sì onídígírì bá ti fi 10 nínú 100 pọ̀ sí i, ewu pé ẹni tí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún á kú láàárín ọgbọ̀n ọjọ́ ń fi 7 nínú 100 relẹ̀. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá fi aláìsàn kan péré kún iṣẹ́ nọ́ọ̀sì kọ̀ọ̀kan, 7 nínú 100 yẹn tún gòkè padà. Ẹ̀yin aláṣẹ, ẹ fi apá kejì yìí sọ́kàn. Ìwé ẹ̀rí kò lè ran nọ́ọ̀sì kan ṣoṣo lọ́wọ́ ní wọ́ọ̀dù tí aláìsàn ti kún dé ọ̀dẹ̀dẹ̀.

Àwọn àgbà nọ́ọ̀sì máa ń sọ fún mi pé àwọn ọmọ yunifásítì kì í fẹ́ gbé póò aláìsàn. Mo gbọ́, n kò sì ní jiyàn tán. Ilé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì àtijọ́ wà nínú ọgbà ilé ìwòsàn. Akẹ́kọ̀ọ́ ń sùn níbẹ̀, igbe ìrọbí ló ń jí i. Ọwọ́ rẹ̀ á ti yọ́ kó tó ṣe ìdánwò ìparí. Bí yunifásítì bá fi gbọ̀ngàn àti ìwé rọ́pò òru wọ̀nyẹn, a ti pàdánù ohun iyebíye.

Ìdí nìyí tí mo fi ń sọ̀rọ̀ ibi tí a ó ti kọ́ wọn. Ní 2022, Politẹ́kíníìkì Ìpínlẹ̀ Èkó ní Ìkòròdú di yunifásítì sáyẹ́ǹsì àti tẹkinọ́lọ́jì, LASUSTECH. Ọdún yẹn náà ni wọ́n pa kọ́lẹ́ẹ̀jì Michael Ọ̀tẹ́dọlá ní Nọforíjà l'Ẹ́pẹ̀ẹ́ pọ̀ mọ́ ti Adéníran Ògúnsànyà ní Ìjànikin, tí wọ́n di yunifásítì ìmọ̀ ẹ̀kọ́, LASUED. Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkó, LASU, pàápàá ti ní ọgbà l'Ẹ́pẹ̀ẹ́ ṣáájú. Ọmọ Ìkòròdú ni Ògúnsànyà, ọmọ agbègbè Ẹ̀pẹ́ ni Ọ̀tẹ́dọlá. Orúkọ wọn ti wà lára ilé ẹ̀kọ́ tipẹ́. Ilé ìwòsàn ìjọba wà ní Ìkòròdú, ní Ìjẹdẹ, ní Agbọ́wá àti l'Ẹ́pẹ̀ẹ́. Ilé ẹ̀kọ́ wà, wọ́ọ̀dù wà, ọ̀sà wà láàárín wọn. Ohun tí mò ń bẹ̀bẹ̀ fún ni pé kí ẹ̀kọ́ dígírì nọ́ọ̀sì àti agbẹ̀bí fi ibí ṣe ilé, kí akẹ́kọ̀ọ́ má kàn yà wá fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin kó tó sáré padà sí Mile 12.

Ẹ̀yin ìyá mi agbẹ̀bí ìbílẹ̀ àti ti ilé àbíyè ṣọ́ọ̀ṣì, mo mọ̀ pé ẹ ń dúró kí n kàn yín. Ọ̀dọ̀ yín ni ọ̀pọ̀ obìnrin ń lọ, nítorí ẹ kì í jágbe mọ́ wọn, ẹ mọ ilé bàbá wọn, ẹ sì ń gbàdúrà. Ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ wa lè kọ́ lọ́dọ̀ yín nìyẹn, bí a ṣe ń bá ẹni tí ara ń ro sọ̀rọ̀. Ohun tí mo ń tọrọ lọ́wọ́ yín le díẹ̀: bí ẹ̀jẹ̀ bá ń wá, bí gìrì bá mú aboyún, ẹ má ṣe pa á mọ́ra nítorí ìtìjú. Agbẹ̀bí onídígírì tó bá bú yín kò ní rí aboyún náà lásìkò. Mo ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi bẹ́ẹ̀.

Àwọn kan á ní kí la fẹ́ kọ́ àwọn nọ́ọ̀sì sí, ṣebí òkè òkun ni wọ́n ń lọ. Òótọ́ ni, àwọn nọ́ọ̀sì tó kọ́ṣẹ́ ní Nàìjíríà tí orúkọ wọn wà nínú ìwé ìforúkọsílẹ̀ ní Bìrìtìkó lé ní 10,000. Ní Fẹ́búárì 2024, ìgbìmọ̀ tó ń ṣàkóso iṣẹ́ náà ní Nàìjíríà sọ pé kí nọ́ọ̀sì ti lo ọdún méjì lẹ́nu iṣẹ́ kí wọ́n tó jẹ́rìí sí ìwé rẹ̀ fún òkè òkun. Àwọn nọ́ọ̀sì fi ẹ̀hónú hàn ní Èkó àti Àbújá. N kò gbà pé ìlẹ̀kùn títì ló ń mú èèyàn jókòó. Owó oṣù tó tó jẹ, ọ̀rẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ àti ibùsùn tó dára ló ń ṣe é.

Lórí ibùsùn yìí ni mo ti ní ẹ̀bẹ̀ kan sí ẹ̀yin tó wà níjòókòó gan-an, láìkan ìjọba. Àwọn ilé ìtọ́jú alábọ́dé kan wà létí omi wa tí iná wọn ń kú ní ìrọ̀lẹ́ nítorí agbẹ̀bí kò ríbi sùn sí. Ẹ̀yin onílé ní Ìbéṣè, ní Báyékù, ní Ìmọ̀ta, ní Èjìnrìn, ẹ yọ yàrá kan sílẹ̀ fún akẹ́kọ̀ọ́ méjì àti agbẹ̀bí tó ń kọ́ wọn. Kó sún mọ́ ilé ìtọ́jú, kó ní omi, kí ilẹ̀kùn rẹ̀ kọjú sí ọ̀nà, kí ọkọ tí ìyàwó rẹ̀ ń rọbí ní aago méjì òru lè mọ ibi tó máa kàn.