Ẹ Bi Wọ́n Pé: Kí L'ó Wà Lábẹ́ Ọ̀dà Yìí?

N kò wá sọ ẹni t'ó kó owó ìlú jẹ lónìí. Ọ̀rọ̀ yẹn pọ̀, ilẹ̀ á ṣú bá wa níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ títì ni mo bá wá.

Ẹ mọ títì t'ó gba ẹ̀gbẹ́ odò wọ ìlú wa. Ẹ rántí ọjọ́ tí wọ́n ṣí i. Ìlù ń dún, aṣọ ẹgbẹ́ kún ojú agbo, wọ́n gé rìbọ́ọ̀nù, wọ́n ya fọ́tò. Ọ̀dà náà dúdú, ó ń dán bí orí ọmọge tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ fi àdí pa. Èmi tí mo jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ alátakò, n kò ní purọ́, inú mi dùn lọ́jọ́ náà. Òjò ọdún kìíní rọ̀, kò sí nǹkan kan. Òjò ọdún kejì dé, ọ̀dà bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí bí èèpo ẹ̀wà tí a rẹ sómi. Ọwọ́ ara mi ni mo fi ṣí ọ̀kan. Kò nípọn tó ìka ọwọ́ mi. Mo wá òkúta lábẹ́ rẹ̀, n kò rí. Yangí lásán ni, ó sì ti rọ̀ bí ẹ̀kọ gbígbóná.

Ibẹ̀ náà ni bọ́ọ̀sì àwọn ọlọ́jà ti yà fún kòtò lọ́dún t'ó kọjá, t'ó lọ forí sọ lọ́rì onípákó. Ẹ mọ àwọn t'á a sin. N kò ní dárúkọ wọn, nítorí àwọn ọmọ wọn wà láàrin wa níhìn-ín.

Lẹ́yìn ìsìnkú, oríṣiríṣi ọ̀rọ̀ l'a gbọ́. Àwọn kan ní awakọ̀ ti mu ẹmu. Àwọn kan ní Ògún l'ó ń bínú, k'á lọ wá ajá. Èmi kò bá Ògún jà o, alágbẹ̀dẹ ni bàbá t'ó bí bàbá mi. Ṣùgbọ́n Ògún kọ́ l'ó gbẹ́ kòtò yẹn. Àwọn onímọ̀ ti wádìí ohun t'ó ń gbẹ́ irú rẹ̀, ó sì ti pẹ́ tí wọ́n ti mọ̀ ọ́n.

Ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, nítòsí ìlú kékeré kan t'ó ń jẹ́ Ottawa, ní ìpínlẹ̀ Illinois, wọ́n la títì mẹ́fà kan tí kò lọ sí ibì kankan. Wọ́n kàn ń yí po ni, bí ojú ọ̀nà eré sísá ní pápá ilé-ìwé. Wọ́n pín wọn sí abala-abala t'ó lé ní 800. Ọ̀dà abala kan nípọn, ti òmíràn fẹ́lẹ́. Òkúta abẹ́ ọ̀kan jìn, ti òmíràn kò jìn. Wọ́n wá kó ọkọ̀ akẹ́rù fún àwọn sójà, wọ́n ní kí wọ́n máa wà á lọ, kí wọ́n máa wà á bọ̀, tọ̀sán tòru. Láti oṣù kẹwàá ọdún 1958 títí di oṣù kọkànlá ọdún 1960 ni wọ́n fi ṣe é. Mílíọ̀nù dọ́là 27 ni iṣẹ́ náà jẹ. Ọ̀kan nínú títì mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, ọkọ̀ kankan kò gbà á kọjá, kí wọ́n lè mọ ohun tí ojú ọjọ́ nìkan lè ṣe sí títì.

Ẹ fetí sí ohun tí wọ́n rí. Bí ẹsẹ̀ táyà kan lábẹ́ ọkọ̀, ìyẹn irin kan pẹ̀lú àwọn táyà t'ó wà lápá rẹ̀ méjèèjì, bá gbé tọ́ọ̀nù 8, tí ẹlòmíràn wá di ẹrù lé e títí t'ó fi di tọ́ọ̀nù 16, ẹ ó rò pé ìlọ́po méjì ni ìyà tí títì yóò jẹ. Rárá o! Ó tó ìlọ́po 16. Tọ́ọ̀nù méjì péré t'ẹ́ ẹ bá fi kún 8, t'ó di 10, ìyà náà ti ju ìlọ́po méjì lọ. Mọ́tò kékeré tí tíṣà fi ń lọ síbi iṣẹ́, ẹgbẹẹgbẹ̀rún irú rẹ̀ kò lè ba títì jẹ́ tó tírélà kan t'ó ru àrùjù. Ẹ ò rí i bí ọ̀rọ̀ ti rí? Ẹni t'ó di sìmẹ́ńtì kún tírélà rẹ̀ kọjá ìwọ̀n ń jèrè, àwa l'à ń san owó títì.

Wọ́n tún rí i pé púpọ̀ nínú àwọn abala t'ó fọ́, ìgbà ìrúwé ni wọ́n fọ́, nígbà tí yìnyín abẹ́ ilẹ̀ yọ́, t'ó di omi, tí omi náà kò sì rọ́nà lọ. Àwa kò ní yìnyín. Ṣùgbọ́n a ní oṣù kẹfà, a sì ní oṣù kẹsàn-án. Ẹrù a kọ́kọ́ la ọ̀dà níyà, omi a gba ibẹ̀ wọlé, yangí a mu ún yó, a rọ̀, táyà a tẹ̀ ẹ́, kòtò dé. Títì tí kò ní gọ́tà dà bí ilé tí kò ní òrùlé.

Àwọn ẹnjiníà wa mọ èyí. Kí wọ́n tó la títì, ó yẹ kí wọ́n bu erùpẹ̀ ibẹ̀, kí wọ́n gún un mọ́ inú agolo irin, kí wọ́n rì í sínú omi fún ọjọ́ mẹ́rin, kí wọ́n tó fi irin tẹ̀ ẹ́ wò bí agbára rẹ̀ ti kù sí. Kí ogun Hítílà tó bẹ̀rẹ̀ ni àwọn ará California ti ń ṣe ìdánwò yìí. Nàìjíríà náà ní ilé ìwádìí tirẹ̀ lórí ilé kíkọ́ àti títì lílà, NBRRI, láti 1978. Ìmọ̀ kọ́ l'ó wọ́n wa. Ẹni t'ó bá rì yangí ẹ̀gbẹ́ odò wa sómi fún ọjọ́ mẹ́rin kò ní da ọ̀dà fẹ́lẹ́ lé e lórí láìsí òkúta, àfi b'ó bá mọ̀-ọ́n-mọ̀.

Ní 1978 yẹn náà ni wọ́n ṣí márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn, nǹkan bíi kìlómítà 127. Ìtàn ni wọ́n fi ń sọ fún èmi bí ó ti dán tó nígbà náà. Ẹrù tí reluwé ń kó tẹ́lẹ̀ wá di ti títì nígbà tí reluwé dákú, tírélà ń pọ̀ sí i, àtúnṣe kò tẹ̀lé e. Nígbà tí iṣẹ́ ńlá bẹ̀rẹ̀ lórí rẹ̀ ní 2013, àwọn tí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ti mú sùn mọ́jú níbẹ̀ kò lóǹkà. Iṣẹ́ náà sì gbà ju ọdún mẹ́wàá lọ.

Ẹ má jẹ́ kí n tàn yín o, títì dáadáa náà ń pa ènìyàn. Awakọ̀ t'ó ń sá kìlómítà 50 ní wákàtí kan, b'ó bá sọ ọ́ di 100, ibi tí ọkọ̀ yóò wọ́ dé kí bíréèkì tó mú un dúró ti di ìlọ́po mẹ́rin. Àjọ ìlera àgbáyé sọ nínú ìwé tí wọ́n gbé jáde ní 2023 pé láàrin ẹni ọdún 5 sí 29, kò sí ohun t'ó ń pa ènìyàn tó ìjàmbá ojú títì. Àwọn ọmọ wa nìyẹn. Nítorí náà, ọ̀dà nìkan kò tó níwájú ilé-ìwé. Ó yẹ kí òkìtì wà níbẹ̀ tí yóò mú awakọ̀ dẹ ẹsẹ̀. Ẹgbẹ́ tiwa náà sì jẹ̀bi: à ń kó ènìyàn sẹ́yìn lọ́rì bí àpò iṣu nígbà ìpolongo. Mo ti sọ ọ́ ní ìpàdé, àwọn kan fajú ro, n ó tún sọ ọ́.

Bí àwọn t'ó wà lórí oyè bá tún dé pẹ̀lú ìrẹsì wọn, ẹ gbà á, ẹ sè é jẹ. Lẹ́yìn náà, ẹ bi wọ́n: òkúta abẹ́ ọ̀dà jìn tó báwo? Níbo ni omi yóò gbà lọ? Ta ni yóò dí kòtò nígbà tí kò tíì ju abọ́ lọ, èló l'ẹ sì yà sọ́tọ̀ fún un lọ́dọọdún? Bí wọ́n bá ní Àbújá l'ó ni títì, ẹ sọ fún wọn pé márosẹ̀ ni t'Àbújá. Ìwé òfin 1999 fi títì àti gọ́tà ìgboro kún iṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀. Ẹ bi àwa náà bẹ́ẹ̀. Ẹni tiwa t'ó ń du ipò alága yóò wà níhìn-ín lọ́jọ́ ọjà t'ó ń bọ̀, mo sì ti kọ àwọn ìbéèrè yìí fún un kí ó má baà sọ pé òun kò gbọ́.

Ní Sátidé, kí oòrùn tó mú, èmi àti àwọn ọ̀dọ́ ẹgbẹ́ yóò lọ kó pàǹtí inú ihò tí omi ń gbà lábẹ́ títì ẹ̀gbẹ́ odò. Ẹni t'ó bá ní ọkọ́ tàbí ṣọ́bìrì, kí ó mú un dání. A kò ní bi yín l'ẹ́gbẹ́ t'ẹ́ ẹ ń ṣe.