Ọjà Orí Íntánẹ́ẹ̀tì àti Àwọn Ọmọ Wa Tí Ń Kọ́ Iṣẹ́ Kọ̀ǹpútà

 

Ẹ̀bi wa la ó kọ́kọ́ jẹ́wọ́. Ní èṣí, obìnrin kan nínú ẹgbẹ́ wa wá yá owó láti fi ra kọ̀ǹpútà alágbèéká fún ọmọbìnrin rẹ̀, tí ń kọ́ bí a ṣe ń kọ ètò kọ̀ǹpútà. Owó wà nínú ìwé rẹ̀, ó sì mú onídùúró méjì wá. Àwa ìgbìmọ̀ kọ̀ fún un. A ní bí ó bá jẹ́ ẹ̀rọ ìránṣọ ni, kò sí wàhálà. Àwọn kan nínú wa tilẹ̀ ń sọ lábẹ́lẹ̀ pé kí ọmọ náà má lọ di ọmọ yàhúù.

Kò ju oṣù mẹ́ta lọ lẹ́yìn náà tí ojú fi tì wá. A ti gbé iṣẹ́ fún ẹnì kan pé kí ó bá wa ṣe ilé ìtajà orí íntánẹ́ẹ̀tì, kí a lè máa ta epo pupa àti gàrí fún àwọn èèyàn wa tí wọ́n wà ní Èkó. Iṣẹ́ náà dùn ún wò. Ní ọjọ́ kan, oníbàárà kan ra kẹ́ẹ̀gì epo 14. Ilé ìtajà wa sọ pé owó ti wọlé, a sì di ẹrù sọ́kọ̀. Nígbà tí akápò dé báńkì, kò bá kọ́bọ̀ kan níbẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a ṣàlàyé bí ó ti ṣẹlẹ̀. Bí oníbàárà bá fẹ́ sanwó, ilé ìtajà á darí rẹ̀ sí ilé iṣẹ́ tí ń bá wa gba owó. Bí ó bá san án tán, wọn á dá a padà sí ojú-ewé tiwa tí a ti ń dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹni tí ó kọ ètò wa kọ ọ́ báyìí pé ẹnikẹ́ni tí ó bá ti dé ojú-ewé ìdúpẹ́ yìí ti sanwó. Ṣùgbọ́n ojú-ewé náà ní àdírẹ́sì, bí ilé ṣe ní nọ́ńbà. Ẹni tí ó bá mọ àdírẹ́sì náà lè gba ẹ̀yìnkùlé wọlé láìkọjá lọ́dọ̀ agbowó. Ohun tí oníbàárà wa ṣe nìyẹn. Ẹ̀yin akápò, èwo nínú yín ni yóò fọwọ́ sí ìwé ọmọ ẹgbẹ́ nítorí pé ó fi ẹnu sọ pé òun ti san, láìrí ìwé báńkì?

Ọmọ tí a kọ̀ fún yìí ni ìyá rẹ̀ ní kí ó wá bá wa wò ó. Kọ̀ǹpútà àyálò ni ó gbé wá. Ó ní ilé ìtajà kò gbọdọ̀ gba ọ̀rọ̀ ẹnu oníbàárà gbọ́. Òun fúnra rẹ̀ ni kí ó fi nọ́ńbà ìdúnàádúrà náà bi agbowó léèrè: Ṣé owó wọlé? Èló ni? Ṣé náírà ni? Nítorí pé ẹlòmíràn lè san náírà kan lórí ẹrù ẹgbẹ̀rún lọ́nà ogún. Agbowó náà a máa fi iṣẹ́ ránṣẹ́ sí ilé ìtajà bí owó bá wọlé, ṣùgbọ́n iṣẹ́ kan náà lè dé lẹ́ẹ̀mejì, nítorí náà a ní láti kọ nọ́ńbà rẹ̀ sílẹ̀ kí a má baà ka owó kan sí méjì. Ó sọ gbogbo iye owó di kọ́bọ̀. Ó ní bí a bá ní kí kọ̀ǹpútà ro 0.1 mọ́ 0.2, ohun tí yóò sọ ni 0.30000000000000004. Akọ̀wé wa àgbà bú sẹ́rìn-ín, ó ní ohun tí ọ̀dítọ̀ ti ń bá òun jà sí láti ọjọ́ yìí náà nìyí.

Ohun tí a rí kọ́ ni pé iṣẹ́ ìwé owó ni iṣẹ́ yìí, ẹni tí ó bá sì mọ ọjà ni yóò ṣe é dáadáa. Ní Kánádà ní ọdún 2004, Tobias Lütke, ọmọ Jámánì tí ó fi ilé ìwé sílẹ̀ lọ kọ́ṣẹ́ kọ̀ǹpútà, ń ta pátákó tí wọ́n fi ń yọ̀ lórí yìnyín. Irinṣẹ́ ìtajà tí ó wà nígbà náà kò tẹ́ ẹ lọ́rùn, ó ṣe tirẹ̀. Ní 2006, òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣí i fún àwọn ọlọ́jà mìíràn, òun ni Shopify. Ruby on Rails ni ó fi kọ́ ọ, èyí tí David Heinemeier Hansson, ọmọ Dẹ́ńmáàkì, fún gbogbo ayé lọ́fẹ̀ẹ́ ní 2004. Àáró náà ni, kò ní orúkọ mìíràn lójú tiwa. Nílé níhìn-ín, àwọn méjì tí wọ́n jáde ní Yunifásítì Babcock ní Ìlíṣàn-Rẹ́mọ ni wọ́n dá Paystack sílẹ̀ ní 2015. Stripe ti Amẹ́ríkà sì rà á ní 2020.

Ẹ má gba ẹni tí ó bá ní oṣù mẹ́ta ni ẹ̀kọ́ náà gbọ́. Owó yín ni ó ń wá. Ọmọ yìí lò tó ọdún méjì. Orí fóònù ni ó ti bẹ̀rẹ̀ HTML, ó ń kọ JavaScript sínú ìwé nígbà tí kò bá sí iná. Òótọ́ ni pé ẹ̀rọ ti ń bá èèyàn kọ ètò lóde òní, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ náà lè ṣe irú àṣìṣe tí ó gbé epo wa lọ, ẹni tí ó mọ̀ ọ́n ni yóò rí i.

Ìdí nìyí tí a fi ń bẹ Àpapọ̀ Ẹgbẹ́ pé kí a ka kọ̀ǹpútà àti owó ẹ̀kọ́ rẹ̀ mọ́ irinṣẹ́ iṣẹ́ nínú ètò ẹ̀yáwó, kí sísan rẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn oṣù 12. Àwọn àgbà kan ní bí ọmọ bá mọ̀ ọ́n tán, yóò jápa. Ó lè rí bẹ́ẹ̀. Ìyá rẹ̀ àti onídùúró méjì ṣì wà nílé.

Ẹ gbé ọ̀rọ̀ yìí dé ẹgbẹ́ yín, kí ẹ sì mú ìbò yín bọ̀ ní ìpàdé tí ń bọ̀. Ní tiwa, a ti ránṣẹ́ sí ìyá ọmọ náà pé kí ó padà wá gba fọ́ọ̀mù. Kò tíì wá.