Ọ̀rọ̀ Ìwé Ọkọ̀ Àtijọ́ (tí a sọ ní ìpàdé ẹ̀ka wa)



Púpọ̀ nínú àwa tí a ń gbé Òkè Ọya ló ní Peugeot 504, èyí tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí tò ní Kàdúná ní 1975. Òmíràn ti dàgbà ju ẹni tí ń wà á lọ. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, bí ọkọ̀ bá ti lé ní 40 ọdún, wọ́n lè kọ ọ́ mọ́ ọkọ̀ àtijọ́, kí olówó rẹ̀ má san owó-orí ọkọ̀ mọ́. Ṣùgbọ́n ìwé ni wọ́n fi ń mọ ọjọ́ orí rẹ̀.

Àwa náà lọ ra 504 kan ní Ekpan, lẹ́bàá Warri, níbi tí wọ́n ṣí ilé ìfọpo sí ní 1978. A sanwó fún bàbá tó ni ín, a gba rìsíìtì, a wà á wá sílé. Nítorí pé ọ̀nà jìn, a kò yí orúkọ ìwé padà. Bàbá náà kú, àwọn ọmọ rẹ̀ ní ọkọ̀ bàbá àwọn ni. Ẹ́ńjìnnì tí a pààrọ̀, nọ́ńbà rẹ̀ kò bá ìwé mu. Ọdún kan gbáko ni ọkọ̀ fi wà nílẹ̀, koríko hù lábẹ́ rẹ̀. Rìsíìtì tí ìyàwó wa tọ́jú sínú àpótí aṣọ ló yọ wá.

Nítorí náà, ẹ yí orúkọ ìwé padà nígbà tí ẹni tó tà á ṣì wà láàyè. Ẹ wo nọ́ńbà ṣáásí kí ẹ tó sanwó. Bí ẹ bá pààrọ̀ ẹ́ńjìnnì, ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé.

Ẹni tó ń gbé ìlú onílùú, ìwé ni ẹlẹ́rìí rẹ̀. Ọlọ́run yóò ṣọ́ wa lọ́nà o.