Ọ̀rọ̀ Lórí Yíyẹ Ọ̀pá Káàmù Wò Nígbà tí A bá ń To Ẹ̀rọ

Ọ̀ràn tí a fẹ́ là yé yín dàbí ohun kékeré, nítorí kò ju eyín jíà kan tàbí méjì lọ. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ń lọ ẹ̀gẹ́ ní Ìkọ̀lé, ní Ọ̀yẹ́ tàbí ní Ìdó yóò mọ ohun tí ó wà nínú rẹ̀. Ẹ̀gẹ́ tí a ti wú kì í pẹ́ ju ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta lọ kí ó tó bẹ̀rẹ̀ sí bàjẹ́. Bí ẹ̀rọ bá dákẹ́, làálàá oko fẹ́rẹ̀ di asán.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ jẹ́wọ́ àṣìṣe tiwa. Nígbà tí a ṣì jẹ́ ọmọ iṣẹ́, a tú ẹ̀rọ dísù kan tí àwọn ìyá kan dá owó jọ rà. A fi òrùka písítìn tuntun sí i, a tò ó padà, a kò sì fi ọwọ́ yí i wò. Bí a ti tan án ni ó dún gbàù. Fáàfù méjèèjì tẹ̀, orí písítìn sì fọ́. Eyín méjì ni a fi ṣi àmì jíà. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni àwọn ìyá wọnnì fi ru ẹ̀gẹ́ wọn lọ sí ìlú mìíràn. Wọn kò bú wa. Èyí ni ó sì dùn wá jù.

Ní ọdún 1876 ni Nikolaus Otto, ará Jámánì, ṣe ẹ̀rọ tí ń ṣiṣẹ́ ní ìgbésẹ̀ mẹ́rin: ó fa afẹ́fẹ́ wọlé, ó fún un pọ̀, iná jó, ó sì tú èéfín jáde. Ẹ̀rọ tí Rudolf Diesel parí ní 1897 pẹ̀lú tọ ọ̀nà yìí. Kí ìgbésẹ̀ mẹ́rin náà tó pé, ọ̀pá kíránkì a yí lẹ́ẹ̀mejì, ọ̀pá káàmù tí ń ṣí fáàfù a sì yí lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Nítorí náà ni eyín jíà káàmù fi jẹ́ ìlọ́po méjì ti kíránkì. Bí ti kíránkì bá jẹ́ 18, ti káàmù a jẹ́ 36; bí a bá sì fi eyín kan ṣìnà, a ti fi ìwọ̀n 20 nínú 360 ìyípo kíránkì ṣìnà. Káàmù ni onílù, fáàfù ni oníjó. Bí ìlù bá ṣáájú tàbí tí ó bá kẹ́yìn, ijó dàrú.

Báwo ni a ó ti ṣe é? Èkíní, ẹ wá ibi tí písítìn dé òkè gan-an. Ojú nìkan kò tó, nítorí bí ó bá dé òkè, a dàbí ẹni pé ó dúró, kíránkì sì ń yí síbẹ̀. Kí ẹ tó de orí ẹ̀rọ, ẹ de irin pẹlẹbẹ kọjá ẹnu sílíńdà, kí bóòtù kan yọ sísàlẹ̀ lára rẹ̀ láti dá písítìn dúró. Ẹ rọra yí wíìlì ńlá títí písítìn yóò fi kàn án; ẹ fi ṣọ́ọ̀kì sàmì. Ẹ yí i padà sí ọ̀nà kejì títí yóò fi tún kàn án; ẹ sàmì kejì. Àárín àmì méjèèjì, ní ọ̀nà tí ó kúrú, ni òkè wà. Lẹ́yìn náà, ẹ yọ irin náà kúrò.

Èkejì, ẹ mú àmì jíà méjèèjì kojú ara wọn, ẹ de orí ẹ̀rọ, kí ẹ sì fi àyè sí fáàfù bí ìwé ẹni tí ó ṣe ẹ̀rọ náà ti wí.

Ẹ̀kẹta, ẹ fi ọwọ́ yí ẹ̀rọ lẹ́ẹ̀mejì pé. Bí ó bá kọ̀, ẹ má ṣe fi ipá mú un. Ẹ dúró, ẹ wádìí.

Ẹ̀kẹrin, nígbà tí písítìn bá dé òkè ní ìparí ìtú-èéfín, ẹ wò ó bí fáàfù èéfín ti ń parí pípadé tí ti afẹ́fẹ́ sì ń bẹ̀rẹ̀ sí ṣí. Ẹ fi ìwọ̀n tí ẹ rí wé ti inú ìwé.

Ní Ìkọ̀lé ni Yunifásítì Ìjọba Àpapọ̀ ti Ọ̀yẹ́, tí a dá sílẹ̀ ní 2011, ti ń kọ́ni ní ìmọ̀ ẹ̀rọ; ìwé ibẹ̀ àti sípánà ọwọ́ yín, ọ̀rọ̀ kan náà ni wọ́n ń sọ. Àwọn àgbà wí pé ẹni tí ó bá farabalẹ̀ ni yóò rí ìfun èèrà. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ fi ọwọ́ yí i wò kí ẹ tó tan án, nítorí ẹ̀gẹ́ àwọn ìyá yín ń bẹ nílẹ̀ tí ó ń dúró.