Owó ìwòsàn ọmọdé



Àìsàn ọmọ kì í dúró de ọjọ́ tí owó bá wà. Ẹ gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Amẹ́ríkà.

Ní 1997, ìjọba ibẹ̀ dá àpò owó kan sílẹ̀ láti máa tọ́jú ọmọ àwọn tí owó wọn kò ká dókítà. Ní ìpínlẹ̀ Arizona, bí ìpínlẹ̀ bá dá dọ́là 1, ìjọba àpapọ̀ á fi bíi dọ́là 3 kún un.

Ní 2010, owó ìpínlẹ̀ náà dín kù. Wọ́n ní àwọn kò gba ọmọ tuntun mọ́. Ọmọ tó wà níbẹ̀ lé ní 40,000. Díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n ń kúrò, kò sí ẹni tó ń rọ́pò wọn. Wọ́n fi dọ́là 1 pamọ́, dọ́là 3 bọ́ lọ́wọ́ wọn. Àìsàn kò sì torí ẹ̀ lọ. Ó di 2016 kí wọ́n tó tún ilẹ̀kùn ṣí pátápátá.

Àgbẹ̀ tó bá jẹ irúgbìn rẹ̀, kí ni yóò gbìn?

Bí ẹgbẹ́ wa bá ń dá owó ìwòsàn, tí owó bá kéré, ẹ jẹ́ ká gé e níbòmíràn. Ẹ má jẹ́ ká fọwọ́ kan ti ọmọ. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti mọ̀wé kà, ẹ máa bèèrè ìwé owó ní ìpàdé, kí ẹ kà á sí etí gbogbo ènìyàn.