Mímọ Ìkùdíẹ̀-Káàtó Ara Ẹni: Ọ̀rọ̀ Tí A Sọ Níbi Àyájọ́ Ẹgbẹ́

  

Ẹ ní kí n sọ̀rọ̀ lórí bí èèyàn ṣe lè gba àléébù ara ẹ̀ láìbá ara ẹ̀ jà. Ọ̀nà àjọ ni mo fẹ́ gbà wọ inú ọ̀rọ̀ náà, torí kò sí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n níbí.

Ẹ wo káàdì alájọ. Ojú 31 ló wà lórí ẹ̀. Ẹni tó bá ń dá 500 náírà lójoojúmọ́ títí káàdì yẹn fi kún, 15,500 náírà ló dá. Èló ni alájọ máa kó fún un? 15,000 ni, nítorí owó ọjọ́ kan jẹ́ ti alájọ. Báńkì máa ń fi èlé díẹ̀ lé owó ẹni. Ti alájọ, àwa la tún ń sanwó fún un. Ẹni tí kò mọ ọjà lè sọ pé ìwà òmùgọ̀ ni. Kì í ṣe òmùgọ̀ rárá! Obìnrin tó ń dá àjọ ti mọ ara ẹ̀. Ó mọ̀ pé bí owó yẹn bá sùn sílé, ọmọ á béèrè owó ìwé, aṣọ ẹbí á dé, bàbá wọn á ní kí òun yá òun díẹ̀, tàbí kí ojú òun fúnra ẹ̀ wọ léèsì kan ní ìsọ̀ tó kọjú sí tiẹ̀. Ló bá fi 500 náírà bẹ ẹlòmíràn kó bá òun gba owó náà lọ́wọ́ òun. Kò sì tijú.

Kò bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ wa. Ìwé ìtàn Yorùbá tí Samuel Johnson kọ, tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1921, sọ̀rọ̀ nípa èsúsú. Àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú gbé e dání dé òkè òkun. Títí dòní ni wọ́n ń dá a ní Trinidad, susu ni wọ́n ń pè é. Nígbà tí òfin ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù fi dé Nàìjíríà ní 1935, àwọn ìyá wa ti ń ṣe é tipẹ́.

Ohun tó ń yà mí lẹ́nu ni pé àwa kan náà tí a gbà pé owó kì í dúró lọ́wọ́ wa, a kì í fẹ́ gba èyí tó kù. Ẹ jẹ́ ká mú ti ojú. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2023 tí owó náírà di ọ̀wọ́n, ẹni tí kò gba tiránsífà rí bẹ̀rẹ̀ sí í gbà á tipátipá. Oníbàárà á na fóònù síni: “Mọ́mì, ó ti wọlé o.” Ìyá tí kò lè ka lẹ́tà wẹ́wẹ́ yẹn á mi orí, á ní “mo ti rí i,” kí ọmọ kékeré má baà mọ̀ pé òun ò lè kà á. Ayédèrú alẹ́ẹ̀tì ni kẹ̀! Ojú tì í láti pe ọmọ ìsọ̀ kejì, ìtìjú yẹn ló sì kó odidi àpò ìrẹsì lọ. Bẹ́ẹ̀, ohun tó yẹ kó sọ kò ju gbólóhùn kan lọ: “Ọmọ mi, dúró ná, jẹ́ kí wọ́n bá mi wò ó lórí fóònù tèmi.” Oníbàárà gidi á dúró. Èyí tó bá ń kánjú, kó gbé ọjà sílẹ̀ kó máa lọ.

Ti ẹnu náà wà. Àwọn kan nínú wa ò lè sọ pé “rárá” bí wọ́n bá bẹ̀ wọ́n lẹ́bẹ̀ àwìn. Aláàánú ni wọ́n, mi ò sì ní kí wọ́n di òǹrorò. Lójú tèmi, ẹni tó ti pé 50 ọdún tó ṣì rí bẹ́ẹ̀, kó má wulẹ̀ fi ìyẹn da ara ẹ̀ láàmú mọ́. Kó wá ẹni tí yóò máa bá a sọ “rárá.” Kó kó ìwé àwìn fún ọmọ ìsọ̀ tí ojú ẹ̀ le, kó sì ní: “Ẹ lọ bá a, ọwọ́ ẹ̀ ló wà.” Onídùúró náà ńkọ́? Bí ẹni tó yáwó bá sá, ọ̀dọ̀ onídùúró ni ẹgbẹ́ ń bọ̀. Ẹni tí kò lè kọ̀ fún ọ̀rẹ́, kó tètè sọ fún akọ̀wé ní kọ̀rọ̀ pé kí wọ́n má gba orúkọ òun wọlé lọ́dún yìí. Ti ìbínú, mi ò ní pẹ́ lórí ẹ̀. Ẹ mọ ara yín. (Ẹ̀rín.)

Ṣùgbọ́n ẹ má ṣì mí gbọ́ o. “Bí Ọlọ́run ṣe dá mi nìyẹn” kọ́ ni mò ń sọ. Ẹni tó ń bú oníbàárà ṣáá, tó ní bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe bí òun, kò tíì gba àléébù ẹ̀. Ó kàn fẹ́ kí àwa yòókù máa bá a rù ú ni. Ẹni tó bá gbà á lóòótọ́ máa ń san nǹkan lé e lórí, bí a ṣe ń san owó ọjọ́ kan fún alájọ.

Ẹ̀yin ọmọ wa, bí ìyá yín bá ní kí ẹ bá òun ka nǹkan, ẹ má rẹ́rìn-ín, ẹ má sì sáré kà á bí ẹni tí wọ́n ń lé. Kò rọrùn fún un kó tó na fóònù yẹn sí yín.

Bí a bá ti jẹun tán, akọ̀wé àti àwọn ọmọ méjì máa jókòó sídìí tábìlì ẹ̀gbẹ́ ẹnu ọ̀nà. Ẹni tí ìṣirò inú pásíbúùkù ẹ̀ ò bá yé, kó mú un lọ bá wọn. Jẹ́ẹ́jẹ́ ni wọ́n máa kà á sí i létí.